Nítorí Ohùn Ọ̀kẹ́rẹ́

Ìbàfò,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Mosúnmọ́lá, Àjọkẹ́ mi,

Mo mọ̀ pé bí bàbá rẹ bá na ìwé yìí sí ọ, ohun tí o máa kọ́kọ́ sọ ni pé kí ló dé tí Màámi ò fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù. Mi ò fi ohùn ránṣẹ́ nítorí mo mọ̀ ọ́. O máa mú ohùn mi sáré bíi ti ẹni tí ajá ń lé, wàá máa fọ abọ́ lọ, bí mo bá sọ̀rọ̀ tán wàá ní "ẹ ṣé, mà," ó parí nìyẹn. Ìwé ò ṣeé mú sáré. Jókòó kà á. Bí o bá gbé nǹkan kaná, lọ sọ ọ́ kalẹ̀ ná.

Mo kí ọ kú oríire iṣẹ́ tuntun. Kí ọmọ ènìyàn kó láti Ìbàfò lọ gba yàrá ní ẹ́sítéètì OPIC, kí wọ́n sì fi í ṣe olórí gbogbo àwọn tó máa fi Yorùbá sọ̀rọ̀ nínú apá kejì fíìmù àwọn ẹranko inú igbó, kì í ṣe ohun kékeré. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bàbá rẹ náà dúpẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ń bi mí bóyá lóòótọ́ ni wọ́n ń sanwó fún àgbàlagbà láti máa sọ̀rọ̀ bí ehoro. Mo ní kó lọ béèrè lọ́wọ́ ehoro.

Díẹ̀ nínú rẹ̀ tí o fi ránṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, ṣọ́ọ̀bù ni mo ti wò ó. O mọ àwọn ọmọ àdúgbò wa, wọn kì í gbọ́ ìró fóònù kí wọ́n má dé. Ìyá Ṣèyí tó ń ta omi tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi náà fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀, ó wá dúró sẹ́yìn wa. Gbogbo wọn ló ti mọ apá kìíní lórí: ehoro, ọ̀kẹ́rẹ́, òòrẹ̀ àti béárì ńlá yẹn, tí wọ́n jọ ń gbé létí odò. Nínú èyí, òtútù ti dé sí igbó wọn. Ewé ti wọ́ dànù, yìnyín ti bo ilẹ̀, béárì fẹ́ lọ sùn títí òtútù á fi lọ, ọ̀kẹ́rẹ́ ò sì rántí ibi tó ri àsálà tí gbogbo wọn máa jẹ mọ́. Àwọn ọmọ bi mí pé kí ni yìnyín. Mo ní ọyẹ́ tó ti funfun ni. Wọ́n ní irọ́ ni mò ń pa. Ìyá Ṣèyí ní kí wọ́n wá ti ọwọ́ bọ inú fíríìsà òun kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n, ni gbogbo wọn bá sáré lọ, tí wọ́n ń ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí omi tútù ìyá náà sì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́.

A rẹ́rìn-ín o. Ibi tí ojú ti ti ọ̀kẹ́rẹ́ tó lọ sá pamọ́ sínú ihò igi, tí ehoro wá a lọ nínú òtútù, tó ní "Ebi ò tíì pa mí tó bí àìrí ọ ṣe ń dùn mí," omi bọ́ lójú mi. Ohùn rẹ ni. Mo ní, ọmọ mi mọ ọ̀rọ̀ yìí í sọ.

Ìgbà yẹn ni ọ̀kẹ́rẹ́ la ẹnu láti dá ehoro lóhùn. Mosún, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Kò tíì sọ gbólóhùn kan tán tí mo ti mọ̀ pé kì í ṣe Ràmá ọ̀rẹ́ rẹ tó sọ ọ́ ní apá kìíní. Ohùn náà dára, ó tinrín, ó já gaara, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti Ràmá. Àwọn ọmọ náà gbọ́ ọ, wọ́n wo ojú mi. Ìyá Ṣèyí ní, "Ẹ̀n, wọ́n ti pààrọ̀ ọ̀kẹ́rẹ́ wa." Mo pa fóònù, mo ní bátìrì ti ń kú.

Ìgbà tí mo pè ọ́ lo wá ṣàlàyé. O ní àwọn ará ọ́fíìsì sọ pé ohùn Ràmá ti ki láti ìgbà tó ti bímọ, pé ẹni tó máa gbé ọmọ pọ̀n láti Ìbógun wá sí Èkó kò ní lè máa tètè dé, pé kí ìwọ tí o jẹ́ olórí wá ẹlòmíràn. O wá ọmọbìnrin kan. Ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. O ò sì tíì sọ fún Ràmá. O wá ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ìyá rẹ̀ o. Màá sọ fún un fúnra mi tó bá yá." Mo ní ó dáa. Mi ò mọ̀ pé ẹrù ni mo gbà rù yẹn.

Lánàá, Sátidé, Ràmá yọ sí mi. Ó wá kí ìyá rẹ̀, ó ní òun ò lè kọjá ṣọ́ọ̀bù Màmá Mosún láì yà. Ó kúnlẹ̀ kí mi tòun tọmọ lẹ́yìn, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí ẹ̀yin méjèèjì máa ń jókòó sí nígbà tí ẹ bá ti ilé ìwé dé. Ọmọ náà ti sanra, orí rẹ̀ jọ ti ìyá rẹ̀ gẹ́ẹ́. Ràmá wá ní, "Màmá, Mosún ò tíì sọ ọjọ́ tí wọ́n máa pè wá? Ìyá ọkọ mi ti ní òun máa bá mi mú ọmọ. Atalẹ̀ àti oyin ni mò ń mu láràárọ̀ báyìí kí ohùn mi lè là." Ó wá fi ohùn ọ̀kẹ́rẹ́ sọ̀rọ̀ fún àwọn ọmọ tó wà nílẹ̀, wọ́n sì pariwo. Ìyá Ṣèyí ti la ẹnu, ó ti ní, "Ràmá, àbí kì í ṣe..." Mo ní, "Ìyá Ṣèyí, ẹ jọ̀ọ́, oníbàárà ń dúró dè yín." Kò sí oníbàárà kankan níbẹ̀. Ó wò mí, ó lóye, ó lọ.

Ojú tì mí, Mosún. Mi ò jẹ ọmọ yẹn ní nǹkan kan, mi ò sì ṣẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n mi ò lè wo ojú rẹ̀. Mo kàn ń fi ẹ̀rọ rán aṣọ tí kò nílò ìrán. Nígbà tó ń lọ, ó ní kí n bá òun kí ọ, kí n sọ fún ọ pé òun ti mọ ọ̀rọ̀ apá kìíní lórí látòkè délẹ̀, pé èyí tó kù ò lè ṣòro.

Nítorí náà ni mo ṣe mú bírò. Mo fẹ́ gbà ọ́ nímọ̀ràn, ṣé o máa gbọ́ tàbí o ò ní gbọ́.

Èkínní, ìwọ ni kí o sọ fún un, kí o sì lọ bá a nílé. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Kì í ṣe fóònù, kì í ṣe ohùn tí o fi ránṣẹ́, kì í ṣe èmi, kì í sì ṣe Ìyá Ṣèyí, nítorí bí o bá pẹ́ sí i, òun ló máa sọ ọ́. Ìdí tí mo fi mọ bó ṣe ń rí nìyí.

Nígbà tí mo wà ní ọmọge ní abúlé wa lẹ́yìn Ìbógun, a máa ń ṣe àáró ẹ̀gẹ́. O ò bá a láyé, jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Bí ẹ̀gẹ́ mi bá tó wú, àwọn ọ̀rẹ́ mi á wá bá mi wú u, wọ́n á bá mi bẹ ẹ́, wọ́n á bá mi rin ín, títí a ó fi yan gaàrí. Tó bá yá, ó di oko ẹnìkejì. Ẹnikẹ́ni kì í sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó gbé ọkàn ènìyàn ró ni pé ó mọ̀ pé ó máa kan òun.

Àwa mẹ́ta la jọ ń ṣe é, èmi, Ìyábọ̀ àti Sàbíà. Sàbíà lọ̀rẹ́ mi jù. A ti ṣe tirẹ̀, a ti ṣe ti Ìyábọ̀, ó kan èmi. Mo wú díẹ̀ nínú ẹ̀gẹ́ mi sílẹ̀ dè wọ́n ní kùtùkùtù, mo kó o jọ sábẹ́ igi ọsàn, mo pọ́n ọ̀bẹ fún olúkúlùkù wa, mo jókòó. O ò mọ ẹ̀gẹ́. Bí o bá ti wú u, kì í dúró de ènìyàn. Bó bá pẹ́ nílẹ̀, inú rẹ̀ á dúdú. Ẹni tó bá kọjá tó ní ta lò ń dúró dè, màá ní, "Sàbíà ló ń bọ̀." Wọ́n á ní, "Ẹn-ẹ́n," wọ́n á máa lọ. Ìyábọ̀ dé, ó jókòó tì mí, kò wo ojú mi. Ìgbà tí oòrùn ti kan àtàrí ló tó sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n Sàbíà ti wá mú un lọ sí Èkó láti lọ kọ́ṣẹ́. Wọ́n ti lọ láti àná. Gbogbo abúlé ló mọ̀. Àwọn tí mo ń sọ "Sàbíà ló ń bọ̀" fún, wọ́n mọ̀.

Kì í ṣe ẹ̀gẹ́ ló dùn mí. Èmi àti Ìyábọ̀ bẹ ẹ́, a rí i yan. Kò sì burú kí Sàbíà lọ kọ́ṣẹ́. Bí wọ́n bá pe èmi náà, màá lọ. Ohun tó dùn mí ni pé mo jókòó síbẹ̀ bí òmùgọ̀, mò ń gba ọ̀rọ̀ ẹni tó ti lọ sọ, gbogbo ayé sì ń wò mí. Ká ní ó wá bá mi nírọ̀lẹ́ tó ku ọ̀la, tó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, mò ń lọ o," ǹ bá sunkún, ǹ bá bú u díẹ̀, ǹ bá sì di gaàrí fún un lọ. Nígbà tó padà wá, ó ra ìborùn dáadáa kan fún mi, mo gbà á, mo dúpẹ́. A ṣì ń kí ara wa títí dòní. Ṣùgbọ́n bí Sàbíà bá ní òun ń bọ̀ níbi kan, n kì í jókòó dè é.

Ràmá ti wú ẹ̀gẹ́ rẹ̀ báyìí, ọmọ mi. Ó ń mu atalẹ̀. Ó ti bẹ ìyá ọkọ rẹ̀. Ó ń sọ fún gbogbo Ìbógun pé Mosún máa tó pe òun. Àwa tó mọ̀ sì ń ní, "Ẹn-ẹ́n."

Má gbàgbé ẹni tó kọ́kọ́ ṣe oko ẹni. Ìwọ kọ́ lo gbọ́ nípa iṣẹ́ yìí. Ràmá ló gbọ́ ọ níbi tó ti ń dirun, òun ló wá dúró sẹ́nu ọ̀nà wa láàárọ̀ ọjọ́ yẹn tó ní òun ò ní lọ láì jẹ́ pé o tẹ̀lé òun. O wà lórí bẹ́ẹ̀dì, o ní ohùn rẹ dà bíi ti àkùkọ tí ọ̀fìnkìn ń ṣe. Ó wọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Nígbà tí ẹ dé, o ní wọ́n gba ẹ̀yin méjèèjì, ẹ sì ń fò kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí láńlọ́ọ̀dù fi jáde wá béèrè ẹni tó kú.

Èkejì, má dá ọjọ́ fún òótọ́. "Tó bá yá" tí o sọ fún mi yẹn, télọ̀ ni mí, mo mọ̀ ọ́n ju ìwọ lọ. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fìrídọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, áyọ́ọ̀nù jó búláòsì ìyá kan mọ́ mi lọ́wọ́, níwájú gan-an, níbi tí kò ti ṣeé bò. Dípò kí n sọ fún un, mo ní kó wá ní Sátidé. Ó wá ní Sátidé, mo ní bọ́tìnnì ló kù. Ó tún wá, mo ní wọ́n mú iná lọ. Ẹ̀yin oníbàárà ń pe àwa télọ̀ ní onírọ́, ẹ ò sì purọ́ mọ́ wa. Ìgbà tí ìyá náà fi máa mọ̀, ó ti di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀, ká ní mo sọ ọ́ lọ́jọ́ tó jó, irú aṣọ náà ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún un. Ì bá bú mi, ì bá sì ra òmíràn. Kò bínú sí mi nítorí áyọ́ọ̀nù. Nítorí Sátidé ló ṣe bínú.

Òwe wa ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ á bá a. Tìrẹ yìí ò ní tó ogún ọdún. Ọjọ́ tí fíìmù yẹn bá jáde, Ràmá máa pe àwọn aládùúgbò rẹ̀ sínú yàrá rẹ̀, ó máa gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, ó máa ní kí gbogbo wọn dákẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ á wá la ẹnu. Rò ó wò.

Ẹ̀kẹta ni ti òwìwí inú fíìmù yẹn. O ní o ń rò ó pé kí o fún Ràmá ní ohùn òwìwí, nítorí wọn ò tíì rí ẹni tó máa sọ ọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò sì pọ̀. Kò burú. Ohùn tó ti ki díẹ̀ lè bá òwìwí mu. Ṣùgbọ́n má fi òwìwí bo ọ̀kẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀. Sọ ti ọ̀kẹ́rẹ́ tán, kí o sì dákẹ́. Mo mọ̀ pé dídákẹ́ nira fún ọ, láti kékeré ni. Bó bá sunkún, jẹ́ kó sunkún tán. Bó bá bú èmi ìyá rẹ mọ́ ọ, bá mi gbà á. Lẹ́yìn ìyẹn, bó bá ṣì fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀, kí o tó sọ pé àyè kan ṣì wà. Bó bá ní òun ò ṣe, má fi ẹ̀bẹ̀ pa á nítorí kí ara tìrẹ lè fúyẹ́.

Mo ti ní mi ò ní béèrè èyí, ṣùgbọ́n ẹnu ń yún mi. Nígbà tí àwọn ọ̀gá rẹ sọ pé ohùn ọmọ náà ti ki, ṣé o ní kí wọ́n pè é kí wọ́n fi etí ara wọn gbọ́ ọ? Àbí "yẹ́ẹ̀sì sà" lo sọ? Mi ò ní purọ́ nítorí mo fẹ́ràn rẹ̀: mo gbọ́ ọ lánàá, ohùn náà ti ki lóòótọ́, kò gòkè bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó lè jẹ́ pé wọ́n jàre. Àwọn ló ni iṣẹ́ wọn, mi ò sì ní kí o lọ bá wọn jà tàbí kí o fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àmọ́ kí o tó lọ sí Ìbógun, béèrè lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bóyá wọ́n lè gbọ́ ọ wò. Bí wọ́n bá kọ̀, wàá lè wo ojú Ràmá kí o ní, "Mo béèrè." Bí o ò bá sì béèrè, jọ̀ọ́, má sọ pé o béèrè.

Kí n tó gbàgbé, ọmọbìnrin tuntun yẹn ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n pè é síṣẹ́, ó wá. Má ṣe máa wò ó bí ẹni tó gba ọkọ ọlọ́kọ. Kọ́ ọ bí Ràmá ṣe máa ń fa èémí kí ọ̀kẹ́rẹ́ tó rẹ́rìn-ín, nítorí àwọn ọmọ àdúgbò wa máa wá ìyẹn. Kí o sì sọ fún un ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é.

Mo mọ ohun tó ń dẹ́rù bà ọ́. O rò pé bí o bá sọ ọ́, ó máa ní o ti di ọ̀gá, o ti di ará OPIC, o ò rí ti òun rò mọ́. Ó lè sọ bẹ́ẹ̀. Ó tiẹ̀ lè má pè ọ́ fún ìgbà díẹ̀. Mi ò lè ṣèlérí fún ọ pé kò ní dun ẹ̀yin méjèèjì, nítorí ó máa dùn yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá máa jà, ẹ jà lórí ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ó má jẹ́ lórí ohun tí o fi pa mọ́. Ìjà àkọ́kọ́ máa ń tán. Èmi àti Sàbíà ò jà rárá, ohun tó sì ṣe wá nìyẹn.

Ìwọ nìkan ni mo bí, o mọ̀. Kò sí àbúrò, kò sí ẹ̀gbọ́n. Ọlọ́run ló fi ọmọ tí yàrá wọn kọjú sí tiwa rọ́pò fún ọ. Bí èmi àti bàbá rẹ bá lọ tán, mo fẹ́ kó jẹ́ pé ẹnì kan ṣì wà láyé yìí tó mọ̀ pé o máa ń bẹ̀rù àáyán.

Ó wá ku ohun kan, o sì lè bínú sí mi bí o bá fẹ́. Mo pe Ràmá láàárọ̀ yìí, mo ní o ń bọ̀ wá kí i ní Ìbógun lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Mi ò sọ ohun tí o ń bọ̀ wá sọ. Inú rẹ̀ dùn débi pé mo gbé fóònù jìnnà sí etí. Ó bi mí bóyá o ṣì fẹ́ràn ọ̀jọ̀jọ̀, ó ní òun máa wá ewùrà tó dáa. Wàá kí ìyá ọkọ rẹ̀, wàá gbé ọmọ, wàá sọ pé ọmọ náà jọ ìyá rẹ̀, gbogbo ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ọ̀jọ̀jọ̀ yẹn, Mosún, má fọwọ́ kàn án kí o tó sọ̀rọ̀. Wọlé lọ bá a nídìí iná. Sọ ọ́ nígbà tí epo ṣì ń gbóná, kó lè ní àyè láti má bù ú fún ọ.

Ìyá rẹ tó bí ọ, tó sì bá wọn tọ́ Ràmá.